Àrokò Inú Katapílà: Ta Ni Yóò Kà Á Fún Wa?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí lè ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríkì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Ọ̀rọ̀ katapílà ni: àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tí a fi ń la ọ̀nà, tí a fi ń gbẹ́ kòtò, tí a fi ń kó òkúta àti yanrìn. Orúkọ ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ni Caterpillar, ṣùgbọ́n àwa ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ilé iṣẹ́ yòówù tí ó ṣe ẹ̀rọ náà, katapílà ni lẹ́nu wa. Bí ẹ bá ní sùúrù bá mi lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ èdè ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Èrò mi rèé. Ẹ̀rọ òde òní ń sọ àìsàn ara rẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè gbọ́. Èdè Yorùbá ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì fún iṣẹ́ náà ní àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ọmọ-iṣẹ́ lè fi ronú nípa ohun tí ẹ̀rọ ń sọ. Àìsí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń ná wa ní owó, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ìlobùú ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìfọ́n-Ọ̀ṣun sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Aládùúgbò ni wọ́n, wọn kò sì jìnnà sí Òṣogbo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ Ìlobùú mọ òrìṣà Erinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ sì mọ ìlú méjèèjì mọ ìjà ààlà ilẹ̀ tí ó mú kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé níbẹ̀ ní ọdún 2025. Ohun tí ènìyàn kì í sábà sọ ni pé èdè kan náà ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń bá ọmọ-iṣẹ́ wí ní ìhà méjèèjì. Lábẹ́ àtíbàbà wọn, kò sí ẹni tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni. Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì, Yorùbá ni wọ́n fi ń sọ pé pọ́ọ̀ǹpù kò fà mọ́. Bí a bá ń wá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí kò tíì kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, abẹ́ àtíbàbà náà ni kí a lọ.

Ní àtijọ́, ọ̀rọ̀ wọn tó wọn í lò. Bí awakọ̀ bá fa ọ̀pá, okùn irin tàbí ọ́ìlì ni yóò gbé agbára náà lọ tààrà. Mẹkáníìkì yóò fi ojú rí ohun tí ó já, yóò fi etí gbọ́ ohun tí ń dún, yóò fi imú gbọ́ òórùn ohun tí ń jó. Katapílà òde òní yàtọ̀. Ọpọlọ kan wà fún ẹ́ńjìnnì, òmíràn wà fún jíà, òmíràn wà fún àwọn pọ́ọ̀ǹpù tí ń ti ọ́ìlì. Ojú gíláàsì tí ń bẹ níwájú awakọ̀ pàápàá ní ọpọlọ tirẹ̀. Brain box ni àwọn mẹkáníìkì wa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí awakọ̀ bá fi ọwọ́ kan ọ̀pá, ọ̀rọ̀ ni ọ̀pá náà sọ. Ọpọlọ kan yóò gbọ́, yóò sọ fún èkejì, kí apá ẹ̀rọ tó gbéra. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ìjíròrò náà ti parí.

Wáyà méjì péré ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ń gbà. Ilé iṣẹ́ Bosch ní Jámánì ni ó ṣe ìlànà náà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CAN, wọ́n sì fi í han ayé ní ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Nígbà tí ó yá, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà mìíràn, J1939, lé e lórí fún ọkọ̀ akẹ́rù àti ẹ̀rọ ńlá. Lójú ọ̀nà J1939 tí ó wọ́pọ̀ jùlọ, àmì 250,000 ni ó lè kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. A lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀ bí ẹní lọ́ okùn: ìlànà náà fún ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè, ó fún èkejì ní àwọ̀ ewé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lo àwọ̀ tí ó wù wọ́n.

Ìbejì ni wáyà méjèèjì. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀, iná inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí 2.5 fóltì. Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ jáde, ọ̀kan yóò gòkè sí nǹkan bí 3.5, èkejì yóò sọ̀kalẹ̀ sí nǹkan bí 1.5. Ẹni tí ń gbọ́ kò wo ọ̀kan ṣoṣo. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ó ń wò. Bí ariwo iná láti ibòmíràn bá kọlù wọ́n, bákan náà ni yóò ṣe kọlu àwọn méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn kò sì ní yí padà. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi lọ́ wọn pọ̀.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ìlànà yìí ni ìwà ọmọlúàbí tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí alága tí ń pín ọ̀rọ̀. Bí ojú ọ̀nà bá dákẹ́, ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọpọlọ méjì bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò fi ipò hàn. Ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù ni àgbà: yóò máa lọ láìdánudúró, àbúrò yóò sì dákẹ́ títí àgbà yóò fi parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní ìpàdé ẹbí rí mọ̀ pé èyí kò ṣàjèjì sí wa.

Nísinsìnyí, bí ọpọlọ kan bá ń retí ọ̀rọ̀ tí kò dé, tàbí tí ó gbọ́ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu, yóò kọ nọ́ńbà méjì sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni SPN, tí ó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dá lé. Èkejì ni FMI, tí ó ń sọ irú ohun tí ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n ṣàlàyé èyí fún mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó wá sí mi lọ́kàn: àrokò.

Ẹ rántí bí àwọn baba wa ṣe ń fi owó ẹyọ ránṣẹ́. Ẹyọ mẹ́fà sọ pé ọkàn mi fà sí ọ. Ẹyọ mẹ́jọ sọ pé a jọ ara wa. Ṣùgbọ́n iye ẹyọ nìkan kọ́ ni à ń kà. Bí a bá so ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn, ìrẹ́pọ̀ ni; bí wọ́n bá kẹ̀yìn sí ara wọn, ìjà ti dé. Ẹni tí ó ka iye láìwo ìṣesí yóò gba ìránṣẹ́ ìjà bí ìránṣẹ́ ìfẹ́. Àrokò katapílà rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: SPN ni iye ẹyọ, FMI ni ìṣesí rẹ̀.

Ẹ wo SPN 100, tí ó dúró fún agbára tí ọ́ìlì fi ń sáré nínú ẹ́ńjìnnì. Bí FMI 1 bá tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ náà ni pé agbára ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀ dé ibi ewu: pa ẹ́ńjìnnì náà kíákíá. Bí ó bá jẹ́ FMI 3 tàbí FMI 4, iná tí ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ ni ó ga jù tàbí tí ó kéré jù: yẹ sẹ́ńsọ̀ àti wáyà rẹ̀ wò kí o tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Ẹ tún wo SPN 190, tí í ṣe iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Bí FMI 9 bá tẹ̀ lé e, ìròyìn náà kò dé ní àsìkò tí ó yẹ kí ó dé. Ẹ́ńjìnnì lè máa yí dáradára. Ìròyìn rẹ̀ ni ó há sójú ọ̀nà. SPN 639 sì wà, tí ó ń tọ́ka sí ojú ọ̀nà ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Pé ìránṣẹ́ kò dé kò túmọ̀ sí pé ẹni tí ó rán an ti kú.

Mo ti rí ohun tí àìmọ àrokò kà ń fà. Lábẹ́ àtíbàbà kan ní agbègbè Ìlobùú àti Ìfọ́n, katapílà kan dúró gbọnin. Ojú gíláàsì rẹ̀ ní òun kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ra brain box àlòkù, pàbó ni. Wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀. Ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ fi lélẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń retí ẹ̀rọ náà jókòó, ẹni tí ó yá a sì ń san owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Riwáyà àgbàlagbà kan tí wọ́n wá ké sí ni ó tú ìdè wáyà lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀, tí ó rí ibi tí irin ti ha wáyà méjèèjì títí ara wọn fi bó, tí wọ́n fi ara kan ara wọn. Ó gé ibi tí ó bó, ó tún un so, ó sì gbé e jìnnà sí irin náà. Katapílà jí.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-iṣẹ́ léèrè ohun tí ó ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wáyà ló bàjẹ́." Mo ní, "Báwo ló ṣe bàjẹ́?" Ó tún ní, "Ó kàn bàjẹ́ ni." Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. Ojú rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ya ìbàjẹ́ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ohun tí ènìyàn kò rí ọ̀rọ̀ yà sọ́tọ̀, ó ṣòro kí ó tó rántí rẹ̀ nígbà tí ó bá tún dé.

Ìdánwò tí ì bá dáàbò bo owó wọn kò béèrè ju mítà kékeré kan lọ. Ní ìdí kọ̀ọ̀kan okùn wáyà méjì yìí, adènà kan wà tí ó jẹ́ 120 óòmù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ tí ó bá dé ìdí okùn má ṣe ta padà bí gbohùngbohùn. Nítorí pé adènà náà jẹ́ méjì, iná rí ọ̀nà méjì gbà, bí èrò tí ó rí ẹnu ọ̀nà méjì lára ògiri kan. Ìdajì, ìyẹn 60, ni mítà yóò sì kà. Pa ẹ̀rọ, já bátìrì, kí o fi mítà kan ihò wáyà méjèèjì lára pulọ́ọ̀gì olójú mẹ́sàn-án tí a ń ki kọ̀ǹpútà bọ̀. Nínú ìlànà J1939, ihò C àti D ni. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Caterpillar, F àti G ni. Lẹ́yìn náà, ka ohun tí o rí:

- Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 60, adènà méjèèjì wà lẹ́nu iṣẹ́.
- Bí ó bá jẹ́ nǹkan bí 120, adènà kan ti kúrò, tàbí wáyà ti já níbì kan láàrin.
- Bí ó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti fi ara kan ara wọn.
- Bí mítà kò bá rí ọ̀nà rárá, adènà méjèèjì ti kúrò, tàbí wáyà ti já kí ó tó dé ẹnu pulọ́ọ̀gì.

60 nìkan kò tó láti jó ijó ayọ̀, nítorí pé wáyà kan lè ti kan ara irin ẹ̀rọ. So bátìrì padà, tan iná, kí o wọn fóltì wáyà kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bí 2.5 ni ó yẹ kí o rí, kí ọ̀kan lé díẹ̀, kí èkejì dín díẹ̀. Bí o bá rí òdo tàbí iná bátìrì lódindi, o ti mọ ibi tí ọ̀tá gbà wọlé.

Àwọn ohun tí ń ba okùn yìí jẹ́ kò ṣàjèjì: omi tí a fi agbára tú sí ara ẹ̀rọ tí ó wọ inú pulọ́ọ̀gì, eku, ìpẹta, ìgbọ̀n ojoojúmọ́. Èyí tí ó burú jù ni ti wẹ́ẹ́dà tí ó jó irin mọ́ ara katapílà láìkọ́kọ́ já bátìrì. Iná rẹ̀ lè gba inú brain box kọjá, kí ọjọ́ kan ṣoṣo sì ba ọpọlọ mélòó kan jẹ́.

Ẹnì kan yóò sọ pé: "Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Mo gbà pé kí ó kọ́ ọ, èmi kì í ṣe ọ̀tá Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n 100 àti 1, 190 àti 9, nọ́ńbà ni wọ́n. Ọmọ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yékéyéké, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàrin FMI 1 àti FMI 4, yóò tú ẹ́ńjìnnì tí kò ní àrùn. Ìmọ̀ ni ó ń wá, èdè tí ó sì fi ń ronú ni ìmọ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé àwọn ilé iṣẹ́ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, pé láìsí kọ̀ǹpútà tiwọn kò sí àtúnṣe. Òótọ́ wà níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà pàápàá ń pariwo rẹ̀: ìpínlẹ̀ Colorado ṣe òfin ní ọdún 2023 pé kí àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ oko fún àwọn oníbàárà ní ohun èlò àtúnṣe, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025 sì ni àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí òwò gbé ilé iṣẹ́ John Deere lọ sí kóòtù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n mítà kò béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iye ohun tí a lè ṣe kí a tó dé ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pọ̀ ju bí a ṣe rò lọ.

Ṣé èdè Yorùbá lè gbé irú ẹrù yìí? Ìbéèrè náà ti pẹ́, ìdáhùn rẹ̀ náà sì ti pẹ́. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìdìpọ̀ kejì ní 1990. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni akẹ́kọ̀ọ́ fi lè sọ̀rọ̀ fọ́nrán ìhun àti fóníìmù ní Yorùbá láìkọsẹ̀. Bí a bá lè wá orúkọ fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú gbólóhùn, a lè wá orúkọ fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú wáyà.

Ìjọba kọ́ ni yóò ṣe é fún wa. Ní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ kéde ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Belú ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n dá Gẹ̀ẹ́sì padà sí ipò. Ìkéde náà dùn mí, ṣùgbọ́n kò dé abẹ́ àtíbàbà. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n kò dúró de mínísítà kí ó tó la ẹnu.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi rèé. Kí a má jókòó sí yàrá kí a máa hun ọ̀rọ̀ gígùn tí awakọ̀ kò ní lè pè tán kí bátìrì tó kú. Kí a fi orúkọ ìlànà sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà: CAN, SPN, FMI. Kí a gba brain box, mítà àti pulọ́ọ̀gì lọ́wọ́ àwọn tí ń lò wọ́n. Kí a pe nọ́ńbà méjì náà ní àrokò, kí a pe wáyà méjì náà ní okùn ọ̀rọ̀. Lékè gbogbo rẹ̀, kí a má jẹ́ kí ọmọ-iṣẹ́ kankan tún sọ pé "wáyà bàjẹ́" kí ó sì dákẹ́. Kí ó yan ọ̀kan nínú márùn-ún: okùn já, okùn fara kanra, okùn kan irin, pulọ́ọ̀gì pẹta, ọpọlọ dákẹ́. Gbogbo wọn ni Yorùbá tí ìyá àgbà yóò gbọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ìdánwò tirẹ̀ àti oògùn tirẹ̀. Ọpọlọ dákẹ́ ni ó gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, nítorí pé òun ni ó wọ́n jù.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ọ̀pọ̀ yín ń wá ohun tí ẹ ó fi kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ. Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ lọ sọ́dọ̀ riwáyà tí ó sún mọ́ yín, ẹ kí i dáradára, kí ẹ béèrè ohun tí ó ń pe ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Lẹ́yìn náà, ẹ mú un padà fún un ní ojú ìwé kan ṣoṣo tí ó lè lẹ̀ mọ́ òpó àtíbàbà: àrokò ní apá kan, ìtumọ̀ rẹ̀ ní apá kejì, ìdánwò rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Bí ọmọ-iṣẹ́ kan ní Ìlobùú bá lè sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìfọ́n lórí fóònù pé, "Okùn fara kanra ni, òdo ni mítà kà," tí èyí sì mọ ohun tí yóò ṣe láìná kọ́bọ̀, èdè wa ti ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nìyẹn.